Òpéléńgẹ́ Méjì Lórí Pátákó Kan

“Fadérera-obìnrin-ará-Òkè-Ọ̀sà-olùsopọ̀-ọdún-méjìdínlọ́gọ́ta, ẹ wọlé,” ni ilẹ̀kùn wí.

Fadérera kò wọlé. Ó yíjú sẹ́yìn wo èrò tó tò láti ẹnu ọ̀nà Ilé Ìsopọ̀ títí dé orí afárá. Oníkálukú gbé àpótí ohùn dání, àwọn mìíràn tilẹ̀ fi aṣọ wé tiwọn bí ẹni gbé ọmọ tuntun jáde. Òní ló pé ogójì ọjọ́. Tí aago mẹ́rin ọ̀sán bá lù, ìjọba yóò pa iná àtijọ́ tó ń gba inú afẹ́fẹ́ bọ́ àwọn àpótí náà, ohùn òkú èyíkéyìí tí wọn kò bá tíì so mọ́ Àgbájọ, ẹ̀rọ tuntun tó ń darí ìlú, yóò sì dákẹ́ títí ayé. Ogójì ọjọ́ gbáko ni wọ́n fún ará ìlú láti wá so tiwọn. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ wá? Ọjọ́ kọkàndínlógójì ni gbogbo wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé a ní òkú nílé.

“Fadérera-obìnrin-ará-Òkè-Ọ̀sà…” ilẹ̀kùn tún bẹ̀rẹ̀ látorí.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wọlé!” ọkùnrin kan pariwo láti orí ìlà. “Bó bá tún pè yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí.”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Fadérera náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì wọlé. Láti ogójì ọjọ́ ló ti ń wọ ẹnu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ìbẹ̀rù, nítorí ó mọ ohun tí òun ṣe ní ọjọ́ kìíní, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá Láníhùn ti wà nídìí pátákó orúkọ. Dígí ni pátákó náà, ó ga tó ilé alájà méjì, gbogbo orúkọ tí wọ́n ti so ló sì ń tàn lójú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gùn bí èyí tí ilẹ̀kùn fi ń pe Fadérera. Àwọn díẹ̀ wà láàárín wọn tí wọ́n kúrú, tí wọn kò ní ìrù kankan: Eyínfúnjowó. Ìbàdíàrán. Akọ̀wé. Òpéléńgẹ́. Fadérera kì í wo èyí tó gbẹ̀yìn yẹn bí èèyàn bá wà nítòsí.

“Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀,” ni Láníhùn wí. Òun ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Fadérera ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kò sì gbàgbé. “Ṣé ẹ sùn? Òní la máa rí màbo.”

“Mo sùn, Ọ̀gá.”

“Ẹ má pè mí ní ọ̀gá lónìí, ojú ń tì mí. Lánàá, bàbá àgbàlagbà kan dọ̀bálẹ̀ fún mi nítorí Eyínfúnjowó.” Ó pòṣé. “Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún Eyínfúnjowó tó ti wá síbí, ẹnì kan ṣoṣo ló sì rí orúkọ náà mú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo obìnrin ilẹ̀ yìí leyín wọn funfun ni?”

“Àwa ìyàwó ilé la fà á,” ni Fadérera dáhùn.

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àpótí láyé àtijọ́, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ìyàwó ilé ni wọ́n sì ń ní kó fi ohùn òkú sínú rẹ̀, bí gbogbo iṣẹ́ tó bá ti ń dunni ṣe máa ń bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó ilé. Ìyàwó kì í sì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ọmọ tó bá ti wà nílé kí wọ́n tó gbé e wọlé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni, orúkọ ẹ̀yẹ ló máa fún un. Orúkọ ẹ̀yẹ wọ̀nyí kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ọmọ tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ń jẹ́ Òpéléńgẹ́, èyí tó bá dúdú tó ń dán ń jẹ́ Adúmáadán, èyí tó bá ń lọ ilé ìwé ń jẹ́ Akọ̀wé, ó parí. Nínú agbo ilé kan, kò dá wàhálà kankan sílẹ̀. Kò sí ìyàwó tó ronú pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò kó gbogbo agbo ilé jọ sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Nígbà tí aago mẹ́ta fi máa lù, Fadérera ti so ohùn mọ́kànlélógójì. Ẹni kejìlélógójì tó jókòó síwájú rẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Àpótí rẹ̀ kò tóbi ju páálí ìṣáná, ó ti dípẹtà létí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

“Kí lorúkọ rẹ?”

“Àńjọlá-obìnrin-ará-Ìsàlẹ̀-Afárá-aránṣọ-ọdún…”

“Àńjọlá ti tó. Èmi kì í ṣe ilẹ̀kùn.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ dára, ó sì dun Fadérera pé ó dára.

“Ohùn ta lo gbé wá?”

“Ìyá mi ni, Mà. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni wọ́n kú. Wọ́n lọ bímọ nílé bàbá wọn, ibẹ̀ náà ni àwọn ìyàwó ilé ti fi ohùn wọn sínú àpótí. Bàbá mi àti ẹbí ìyá mi jà lórí òkú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá búra pé ẹnikẹ́ni láti ilé bàbá mi kò ní fọwọ́ kan àpótí àwọn títí òun á fi kú. Ó kú lọ́jọ́ Jímọ̀. Àná ni ìyàwó rẹ̀ nà án sí mi láti ojú fèrèsé.”

“Ṣé o ò tíì gbọ́ ohùn wọn rí ni?”

“Rárá, Mà. Mo gbé e sórí itan mi ní gbogbo òru àná, mi ò pè wọ́n. Mo ní kí n kọ́kọ́ so wọ́n ná. Ẹ̀rù bà mí kó má lọ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa gbọ́ wọn.”

Fadérera gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í bọ ojú ihò tó wà lórí tábìlì. Orúkọ tó wà nínú rẹ̀ yọ sójú dígí kékeré tó kọjú sí i: Òpéléńgẹ́. Lẹ́sẹ̀ kan náà, pátákó ńlá sọ̀rọ̀ láti òkè, tí gbogbo gbọ̀ngán gbọ́:

“Orúkọ yìí ti ní olóhun.”

“Kí ló túmọ̀ sí?” Àńjọlá béèrè.

“Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti wá so Òpéléńgẹ́ tirẹ̀ kí o tó dé.”

“Ẹ wá fún ìyá mi lórúkọ mìíràn.”

“Orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ohùn nínú àpótí. Ẹni tó bá tú u láti yí i padà, á tú ohùn náà dànù.”

“Ẹ so ìrù mọ́ ọn nígbà náà. Gbogbo wa náà la ní ìrù.”

“Mo lè so ìrù mọ́ ọn. Àgbájọ fẹ́ràn ìrù, òun ló fi ń mọ èèyàn méjì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ò mọ ìrù, ọmọ mi. Wọ́n ti kú kí Àgbájọ tó dé. Òpéléńgẹ́ ṣákálá ni wọ́n ń pè wọ́n nílé, òun nìkan ni wọ́n ń jẹ́. Tó o bá pè wọ́n ní Òpéléńgẹ́-obìnrin-ará-ibí-báyìí, wọn ò ní mọ̀ pé àwọn lò ń bá wí.”

“Báwo ni àwọn tó kúrú lórí pátákó yẹn ṣe ṣe tiwọn?”

“Gbólóhùn kan wà tí àwa olùsopọ̀ máa ń kọ sórí àpótí kí a tó so ó: ‘Bí wọ́n ṣe ń pè é nílé ni kí ẹ pè é.’ Tí Àgbájọ bá rí i, á fi orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló lè jẹ́ orúkọ ṣákálá. Bí ẹni méjì bá ń jẹ́ ẹ, ẹ̀rọ ò ní mọ ẹni tí yóò dá lóhùn.”

Àńjọlá tẹjú mọ́ pátákó. “Ta ni olóhun rẹ̀?”

“Òfin ò gbà kí n sọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.” Ó kúnlẹ̀. “Ẹ̀yin mọ̀ wọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“Dìde nílẹ̀.”

“Tí wọn ò bá gbà, kò burú, Mà. Tiwọn náà á dun àwọn náà. Ẹ so ìrù mọ́ tèmi. Ṣé wọ́n á ṣì wà níbẹ̀, tí ẹ bá so ìrù mọ́ wọn?”

“Wọ́n á wà níbẹ̀.”

“Wọn ò ní sùn?”

“Ohùn tí a bá ti so kì í sùn.”

“Ó tó bẹ́ẹ̀. Màá máa pè wọ́n lójoojúmọ́. Bóyá ọjọ́ kan á jọ́kan, wọ́n á gbọ́.”

Fadérera wo ojú ọmọ náà. Láti ogójì ọjọ́ tí wọ́n ti ń so òkú, kò tíì sí ohùn onírù kan tó jẹ́ ìpè rí. Odi ni àwọn olùsopọ̀ ń pe irú wọn láàárín ara wọn. Wọ́n á wà nínú Àgbájọ, ojú wọn á là, wọ́n á máa retí kí ẹnì kan pe àwọn, orúkọ tí wọn kò mọ̀ á sì máa kọjá lórí wọn.

“Lọ jókòó sí gbọ̀ngán,” ó wí. “Mo ń bọ̀.”

Yàrá ẹ̀yìn ló lọ. Láníhùn tẹ̀ lé e, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

“Àǹtí mi, ẹ má ṣe é.”

“Kí ni?”

“Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Mo gbọ́ nígbà tí pátákó sọ̀rọ̀.” Láníhùn fi ọwọ́ nu ojú. “Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀. Mo dé láàárọ̀, a ò tíì ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú, mo bá Òpéléńgẹ́ lórí pátákó. Òfin ní òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Mo ní kí n má rí i.”

Fadérera jókòó. Ó ti rò pé òun gbọ́n.

“Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi, èmi ò sì ní sọ,” Láníhùn wí. “Ẹ padà lọ sọ fún ọmọ yẹn pé olóhun ò gbà. Kì í ṣe irọ́. Ọmọ yín ni. Ta ló máa dá yín lẹ́bi?”

Ẹniafẹ́ ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí omi Ọ̀sà gbé e lọ, òun nìkan sì ni Fadérera bí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Fadérera kò lè dìde lórí ẹní, nítorí náà Adétóún, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ló fi ohùn ọmọ náà sínú àpótí. Ọmọ ti pé ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó gbé Adétóún wọlé. Ọkọ rẹ̀ ni. Òpéléńgẹ́ ló ń pè é, Òpéléńgẹ́ ló sì fi sínú àpótí, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù kan gbáko ni Fadérera fi ń pe Ẹniafẹ́, Ẹniafẹ́, tí àpótí dákẹ́ lọ gbári. Ó rò pé ọmọ náà ń bínú sí òun nítorí pé òun ló rán an lọ sétí omi. Ọjọ́ tí Adétóún wá sọ òótọ́ fún un, tó ń sunkún, Fadérera kò bá a jà. Ó pe ọmọ rẹ̀ bí ìyàwó ilé ṣe ń pè é, ọmọ náà sì jẹ́ ẹ. Láti ìgbà náà, ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí ọjọ́ kan tí kò pè é. Ọkọ rẹ̀ ní òun kò lè gbé inú ilé tí òkú ti ń sọ̀rọ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Òkè-Odò. Fadérera jẹ́ kó lọ.

“Láníhùn,” ó wí, “bí mo bá fi tèmi sílẹ̀ bó ṣe wà, ìyá ọmọ yẹn á di odi.”

“Bí ẹ bá yọ tiyín, tiyín ló máa dákẹ́.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ so ìrù mọ́ tiyín nígbà náà, kó má ṣe kú pátápátá.”

“Kí n sọ ọmọ mi di odi?” Ohùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí Láníhùn fi sún sẹ́yìn. “Kó máa jókòó síbẹ̀ kó máa retí mi? Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo pè é. Òní ló yé mi.”

Láníhùn ní, “Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ fi iná ilé bọ́ ọ.”

“Iná tuntun ń jó wọn. Ìwọ náà rí àwọn tó gbé eérú wá lóṣù tó kọjá.”

“Mo rí wọn.”

“Jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má wọlé tọ̀ mí,” ni Fadérera wí.

Àpótí tí wọ́n bá ti so, yàrá ìpè ni wọ́n ń kó o sí. Yàrá kékeré ni, àga kan ló wà níbẹ̀ àti ihò tí ohùn ń gbà jáde lára ògiri. Fadérera mú àpótí ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ tó fi í pamọ́ sí, ó gbé e lé orókún. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀.

“Òpéléńgẹ́,” ó pè é.

“Màmá! Ẹ pẹ́ lónìí. Ẹ wá wo irun tí Ìyàwó dì fún mi, ó le jù, gbogbo orí ló ń ro mí.”

Ọ̀rọ̀ irun yìí ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Ọjọ́ tí omi gbé e ni Adétóún dì í fún un, níbẹ̀ sì ni ohùn náà dúró sí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni irun náà ti ń dùn ún. Lójoojúmọ́ ni Fadérera máa ń sọ fún un pé kó pẹ̀lẹ́, pé tó bá dọ̀la á rọ̀. Kò sì sí ìyá tàbí bàbá kankan ní ìlú náà tó ń sọ fún ohùn pé ó ti kú. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣe é.

“Kí lẹ jẹ lónìí, Màmá?”

“Mi ò tíì jẹun.”

“Ẹ sì máa ń bá mi jà tí mi ò bá jẹun. Kí ló ń ṣe yín? Ohùn yín ò dún dáadáa.”

“Ọ̀fìnkìn ni.” Fadérera fi ẹnu aṣọ nu imú. Ó fẹ́ sọ ohun púpọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni orúkọ tí kò pè láti ọdún mọ́kàndínlógún. “Ẹniafẹ́.”

“Ta nìyẹn, Màmá?”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ó fi eyín di ètè mú. “Ọmọ kan tí mo mọ̀ ni.”

“Ṣé ó dáa?”

“Ó dáa. Ó dáa gan-an. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi tìẹ.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ mú un wá ká jọ ṣeré. Màmá, irun yìí ńkọ́? Ẹ wò ó fún mi.”

“Lọ bá Ìyàwó. Sọ pé Màmá ní kó tú u.”

“Kó tú u? Ẹ ní kí n fara dà á! Ṣé kó tú gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀. Pátápátá.”

“Ẹ ṣeun, Màmá! Mò ń lọ o. Ṣé ẹ máa pè mí lọ́la?”

Fadérera ti parọ́ fún ohùn náà ní ọ̀nà ẹgbẹ̀rún láti ọdún wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò lè pa èyí. “Máa lọ,” ó wí. “Rọra o. Má sáré lórí afárá.”

Ó yọ okùn tó so àpótí náà mọ́ Àgbájọ. Lórí pátákó ńlá, àyè kékeré kan ṣófo.

Bí ó ṣe ṣe ìyókù, kò lè sọ. Ọwọ́ ló mọ iṣẹ́. Ó ti àpótí Àńjọlá bọ ojú ihò orí tábìlì, ó kọ gbólóhùn náà sórí rẹ̀, ‘Bí wọ́n ṣe ń pè é nílé ni kí ẹ pè é,’ Àgbájọ sì gbà á láìjanpata. Ó kù kí ó dán an wò. Nílé iṣẹ́ náà, olùsopọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pe ohùn tuntun, òun nìkan, kí wọ́n tó jẹ́ kí olóhun wọlé, nítorí pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé igbe ni wọ́n fi ń jí, kò sì yẹ kí ọmọ gbọ́ igbe ìyá rẹ̀.

Fadérera mọ̀ pé òun ni yóò pè é. Ó gbìyànjú láti pè é bí àjèjì ṣe ń pe àjèjì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà pe orúkọ yẹn.

“Òpéléńgẹ́.”

Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ara rẹ̀ ń retí pé kó dún ní “Màmá.”

“Èmi rèé o,” ohùn obìnrin kan dáhùn. Ohùn náà nípọn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. “Ta ló ń pè mí bí ẹni ń pe ọmọdé?”

“Fadérera ni. Àgbàlagbà ni mí, o ò mọ̀ mí.”

“Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú mi. Ó rẹ̀ mí jù. Wọ́n ní kí n má sùn, mo sì rò pé mo sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ti bí?”

Fadérera di apá àga mú. Inú bí i sí ohùn náà, inú bí i gidigidi, pé ó wà níbẹ̀ níbi tó yẹ kí ọmọ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà àánú rẹ̀ ṣe é, àánú náà sì le ju ìbínú lọ.

“O ti bí,” ó wí.

“Kí ló dé tí mi ò gbọ́ igbe ẹ̀? Ìyá, ẹ má tàn mí. Ṣé ó wà láyé?”

“Ó wà láyé. Obìnrin ni. Ara rẹ̀ le. Ẹ̀rín rẹ̀ dára.”

“Ọjọ́ òní náà ló ti ń rẹ́rìn-ín?” Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. “Ẹ bá mi gbé e wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè.”

Fadérera lọ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán. Èrò ti tán níbẹ̀ tán, ó ku ọmọbìnrin náà nìkan, tó jókòó gbagidi sórí àga bí ẹni tí wọ́n ní kó má mira.

“Àńjọlá,” ó pè é. “Ìyá rẹ ń béèrè rẹ.”

Ọmọ náà dìde. Fadérera fà á lọ́wọ́ títí dé yàrá ìpè. “Má sọ fún wọn pé wọ́n ti kú,” ó sọ sí i létí. “Wọ́n rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọ ni. Jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.”

“Mà, ta ni olóhun tó yọ̀ǹda rẹ̀? Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.”

“Wọ́n ti gbọ́. Wọlé.”

Ó pa ilẹ̀kùn dé fún wọn. Àpótí tirẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, àgbàlagbà obìnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́, ó sì ń wo ìmọ́lẹ̀ pupa kékeré tó wà létí àpótí náà. Láníhùn wá bá a níbẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago mẹ́rin lù. Ìmọ́lẹ̀ náà kú.

“Ẹniafẹ́,” ni Fadérera wí. “Ẹniafẹ́. Ẹniafẹ́ mi o.” Ó ń pè é bí wọ́n ṣe ń pe òkú, ohun tí kò ṣe rí ní ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì sunkún títí omi fi tán lójú rẹ̀. Nínú yàrá, obìnrin náà ń béèrè lọ́wọ́ Àńjọlá pé ta ni ọmọ òun jọ.